Iṣẹ́ wo ló wà fún ẹni tó gboyè nínú èdè àti àṣà Jàpáánì?

Màmá tó bèèrè láti Abẹ́òkúta, iṣẹ́ wà fún ọmọ yín, àmọ́ oyè nìkan kò tó. Ìdánwò èdè JLPT ni àwọn agbanisíṣẹ́ kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Ìpele márùn-ún ló ní: N5 ló rọrùn jù, N1 ló le jù. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní Jàpáánì ń fẹ́ N2, ó kéré tán. Ẹni tó bá dúró sí N4, ká sòótọ́, iṣẹ́ ọ́fíìsì á ṣòro fún un níbẹ̀.

Ohun tó dáa ni pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́jáde kà. Wọ́n á gbà á, wọ́n á sì kọ́ ọ níṣẹ́ fúnra wọn.

Nílé ńkọ́? Ògbufọ̀ àti olùkọ́ èdè. Honda ń to ọ̀kadà ní Ọ̀tà, ní Ògùn wa níbí. JETRO, àjọ ìjọba Jàpáánì fún òwò pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè, wà l'Ékòó; JICA, àjọ wọn tó ń ran orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́ fún ìdàgbàsókè, wà l'Ábújá. Àyè ibẹ̀ kò pọ̀ o! Tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, màá ní kó kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó tàbí kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Kó tún wádìí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ MEXT ti ìjọba Jàpáánì lọ́dọ̀ ẹ́ḿbásì wọn l'Ábújá.