Òkè Patti: ibo ni oòrùn ń wọ̀ sí, aago mélòó ló yẹ kí a gòkè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Mọ̀pà. Ní ìparí oṣù Kejìlá, tí àwọn ọmọ mi bá dé láti Èkó, mo fẹ́ kó wọn lọ sí Lọ́kọ́jà, kí a lọ wo ààfin Lugard tó wà lórí Òkè Patti, kí a sì dúró wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀ sínú odò níbi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Aago mélòó ló yẹ kí a gòkè? Ìyá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Ṣé wọ́n lè bá wa lọ?

Ìdáhùn: Òkun o, tíṣà wa. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ oòrùn, torí òun ló ń já àwọn àlejò tí mo ń mú gòkè kulẹ̀ jù. Láti orí Òkè Patti, oòrùn kì í wọ̀ sínú odò. Apá ìlà-oòrùn àti gúúsù òkè náà ni odò wà, ìlú Lọ́kọ́jà sì wà láàárín wọn. Bí ẹ bá kọjú sí ibi tí omi méjèèjì ti pàdé, ẹ̀yìn yín ni oòrùn ń wọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dúró tẹjú mọ́ odò títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á sì pàdánù ohun méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín nínú jẹ́. Nígbà tí oòrùn bá wà lẹ́yìn yín, iwájú yín ni gbogbo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń bọ́ sí: sórí òrùlé ìlú, sórí omi, sórí àwọn ebè yanrìn tó máa ń yọ láàárín odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, bí ó bá fi máa di aago 4:30, kí ẹ ti wà lókè. Ní ìparí oṣù Kejìlá, nǹkan bí aago 6:20 ni oòrùn ń wọ̀ níbí. Ní oṣù Keje, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago méje, torí náà ẹ má tẹ̀lé aago ẹni tó lọ nígbà òjò.

Òkè yìí ga tó mítà 458 sí ojú òkun, ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ìlú sì jókòó sí. Bí oòrùn bá ń rẹlẹ̀, òjìji òkè náà á bẹ̀rẹ̀ sí í nà lọ lórí àwọn ilé, díẹ̀díẹ̀, á máa wá etí omi lọ. Oòrùn á ti wọ̀ fún àwọn ará ìlú nígbà tí ẹ̀yin ṣì ń yá a lókè. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ní Òkè Patti nìyẹn, ju oòrùn fúnra rẹ̀ lọ. Bí òjìji yẹn bá ti gba ìlú, ẹ yíjú padà, kí ẹ rìn lọ sí etí òkè ní apá ìwọ̀-oòrùn láti wo bí ó ṣe ń wọ̀. Orí òkè náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì fẹ̀, ẹ má rò pé ìṣísẹ̀ mélòó kan ni.

Fọ́tò: kí àwọn ọmọ fi ẹ̀yìn sí odò láàárín aago 5:00 sí 5:45. Oòrùn á tàn sí wọn lójú, omi á sì hàn lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù kò ní rí odò dáadáa mọ́.

Ohun tó lè ba ọjọ́ yín jẹ́ ni ọyẹ́. Eruku aṣálẹ̀ Sàhárà tí ó ń gbé wá, pẹ̀lú èéfín igbó tí wọ́n ń jó, lè bo odò pátá, kí oòrùn sì pòórá sínú rẹ̀ kí ó tó wọ̀. Bí ẹ bá dé Lọ́kọ́jà, ẹ gbójú sókè wo àwọn òpó gíga tó wà lórí òkè náà. Bí wọn kò bá hàn ketekete, ẹ sún un di ọjọ́ kejì. Ká ní ẹ̀ ń bi mí pé oṣù wo ló dára jù ni, ìparí oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá ni mi ò bá sọ: òjò ti fọ ojú ọ̀run, ọyẹ́ kò sì tíì dé.

Bí ó bá jẹ́ oòrùn àti omi papọ̀ ni ọkàn yín fẹ́, àárọ̀ ni kí ẹ gòkè. Nǹkan bí aago 6:45 ló ń yọ ní oṣù Kejìlá, apá odò ló sì ti ń yọ.

Ní ti ààfin, ilé ìsinmi ni, kò tóbi. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ṣáájú kí wọ́n má bàa máa wá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọba. Lọ́kọ́jà ni Lugard ti gbé àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1900, tí ìjọba Àríwá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tún sọ fún yín pé orí òkè yìí ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn ará Gẹ̀ẹ́sì tó di ìyàwó Lugard, ti wo odò tí ó fi sọ orílẹ̀-èdè wa ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ti gbé àpilẹ̀kọ tí ó ti dábàá orúkọ náà jáde ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kìíní ọdún 1897, ọdún 1902 ni òun àti Lugard sì tó ṣègbéyàwó. Tíṣà ni yín, ẹ ṣe àlàyé rẹ̀ fún wọn.

Màmá lè bá yín lọ. Ọ̀nà ọkọ̀ dé orí òkè, wọn kò ní fẹsẹ̀ gùn ún. Ẹ gbé àga kan dání fún wọn àti aṣọ tó nípọn, torí atẹ́gùn máa ń fẹ́ níbẹ̀, kí ẹ sì ra omi ní ìlú kí ẹ tó gòkè. Ọ̀nà náà lọ́ kọ́lọkọ̀lọ: bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, kí awakọ̀ lo jíà kékeré, kí ó má tẹ búrékì ṣáá. Kété tí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ wọ mọ́tò. Ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú níbí.

Ẹ má sì padà sí Mọ̀pà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ mọ ọ̀nà Kàbbà sí Ọbajana pẹ̀lú àwọn tírélà rẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà òru. Ẹ sùn sí Lọ́kọ́jà. Ní àárọ̀, ẹ yà sí ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther dá sílẹ̀ ní ọdún 1865, kí ẹ tó mú ọ̀nà ilé pọ̀n.