Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Ìyá Alárà: Àrà Íńdíà Lára Káàdì Ìgbéyàwó

Ìbéèrè: Okun o, ìyá wa. Káàdì ni mò ń tẹ̀ ní Kàbà. Oníbàárà mi kan tí kì í fi Zee World ṣeré ń ṣègbéyàwó lóṣù Kejìlá. Ó ní kí káàdì, báńà àti nápíkìnì òun rí bí àwòrán Íńdíà kan tó fi hàn mí lórí fóònù: ẹja, ọ̀kín, òdòdó, gbogbo rẹ̀ kún fọ́fọ́. Ṣé kí n kàn wa àwòrán náà jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí n tẹ̀ ẹ́ ni? (Atẹ̀káàdì, Kàbà)

Ìdáhùn: Okun o, ọmọ mi. Má wà á jáde. Madhubani ni ohun tí o rí yẹn, àwọn mìíràn ń pè é ní Mithila, agbègbè tó ti wá ní ìpínlẹ̀ Bihar. Inú mi dùn pé ìgbéyàwó lẹ fẹ́ lò ó fún, torí ibẹ̀ gan-an ni ipò rẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń yà á sára ògiri, pàápàá yàrá tí ọkọ àti ìyàwó tuntun máa sùn, tí wọ́n ń pè ní kohbar. Òṣíbàtà àti ọparun ló máa ń wà láàárín, ẹja àti ayékòótọ́ á yí i ká, oòrùn àti òṣùpá á wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àdúrà ọmọ ni wọ́n fi ń ṣe. Ara ògiri ló wà títí ọ̀dá fi mú Bihar láàárín àwọn ọdún 1960, tí ìjọba kó ìwé fún àwọn obìnrin náà kí wọ́n lè máa yà á tà. Ọ̀kan nínú wọn, Jagdamba Devi, gba Padma Shri, oyè tí ìjọba Íńdíà ń fi dá ènìyàn lọ́lá, ní 1975.

Ìlànà ọwọ́ wọn ni kí o kọ́, má ṣe jí àwòrán tí ẹlòmíràn fi ń jẹun. Ìlà méjì ni wọ́n fi ń yí ohun gbogbo ká, wọ́n á wá fi ìlà wẹ́wẹ́ kún àárín wọn. Ojú a máa tóbi. Àyè tó bá ṣófo, ewé tàbí òdòdó dé ibẹ̀. Ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n we òwú mọ́ lẹ́nu ni wọ́n fi ń yà á látijọ́. Aró, ata ilẹ̀ pupa àti dúdú ìdí ìkòkò sì wà lára ọ̀dà wọn. Ẹni tó bá ti rí aládìrẹ tó ń fi ìyẹ́ ya ẹ̀kọ sára aṣọ, irú iṣẹ́ tí Nike Okundaye, ọmọ Ògìdì-Ìjùmú, gbé kiri ayé, á mọ̀ pé ọwọ́ wa gbà á.

Kó ohun tiwa sínú ìlà méjì yẹn. Ya ẹtù dípò ayékòótọ́, kí tótòtó ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ kún àyè. Jẹ́ kí ẹja wà bó ṣe wà, Odò Ọya kò jìnnà sí wa. Etí káàdì ńkọ́? Ewé iṣu tó ń lọ́ mọ́ igi ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀: ó fẹ̀ nídìí, ó ṣọnṣó lẹ́nu, ìlà wẹ́wẹ́ rí ibi jókòó nínú rẹ̀ dáadáa.

Ohun kan wà tí n kò ní gbà fún ọ: má fi Ganesh tàbí Krishna, àwọn òrìṣà Íńdíà, sára nápíkìnì. Lóòótọ́, àwọn ará Íńdíà ń fi Ganesh sórí ìwé ìpè ìgbéyàwó tiwọn, wọ́n gbà pé òun ló ń mú ìdènà kúrò lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń bọ ni. Ṣé a ó wá fi nu ọbẹ̀ lọ́wọ́, ká sọ ọ́ sórí àkìtàn? Ní Bùnú, aṣọ ìpò pupa, aṣọ ìsìnkú ìjòyè ni. Kò sí ẹni tó máa fi rán aṣọ ìkómọ. Àwa tí a mọ èyí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á yé wa.

Má fún àwòrán báńà mọ́ inú káàdì o, ìlà wẹ́wẹ́ á dàpọ̀ di dúdú. Ya ti káàdì lọ́tọ̀: ẹja méjì tó kọjú síra, ó tán. Bí owó rẹ̀ kò bá gbé àwọ̀ púpọ̀, fi Warli, àrà Íńdíà mìíràn láti ìpínlẹ̀ Maharashtra, hàn án. Ìgbéyàwó náà ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń yà á fún, ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n pò lómi, funfun lórí ògiri amọ̀. Igun mẹ́ta méjì tó forí kanra ni ara ènìyàn, orí rẹ̀ róbótó. Àwọn oníjó wọn tó so ọwọ́ pọ̀ yí ẹni tó ń fọn fèrè tarpa ká á kún ẹ̀yìn àga ìyàwó dáadáa. Ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ wa ń lò kò ní íǹkì funfun, nítorí náà má ra ìwé aláwọ̀ amọ̀. Ìwé funfun ni kí o lò, kí o da àwọ̀ amọ̀ yí àwòrán ká lórí kọ̀ǹpútà.

Kí o sì kọ ibi tí àrà náà ti wá sí ẹ̀yìn káàdì.

Ìbéèrè: Ìyá wa, a fẹ́ fi ìyẹ̀fun aláwọ̀ ya rangoli, àrà tí àwọn ará Íńdíà ń yà sílẹ̀, sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn fún ìkórè ìjọ wa. Ṣé ọyẹ́ kò ní gbé e lọ? (Olùkọ́, Ìsánlú)

Ìdáhùn: Á gbé e lọ. Ẹ ṣe bí àwọn ará Bengal ti ń ṣe alpona: ẹ po ìyẹ̀fun ìrẹsì lómi, ẹ ri àkísà kékeré bọ̀ ọ́, ẹ máa fi ìka yà á. Bó bá gbẹ, á lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì. Bí ọwọ́ yín kò bá tíì dá yín lójú, ẹ kọ́kọ́ ta tótòtó lọ́gbọọgba, bí àwọn obìnrin Tamil Nadu ṣe ń ṣe kolam, kí ẹ wá máa fi ìlà yí wọn ká. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni kí ẹ yà á sí, kí ìró àwọn ìyá ìjọ má baà gbá a.