Ta ló ni ẹ́ńsáìmù tí o rí yẹn?

Àbúrò mi, o ní o gbin PC-3, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ próstéètì (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ ilé ìtọ̀), ní lábù yín n'Ìbàdàn, o kó àwọn àpò tíntìntín tí wọ́n ń tú jáde jọ, o wá GGT nínú wọn, ìyẹn ẹ́ńsáìmù kan (ẹ́ńsáìmù ni èròjà tí ń mú kẹ́míkà yí padà nínú ara), omi ìdánwò náà sì di àwọ̀ ìyeyè wéré. O tún rí i nínú àpò tó wà nínú ìtọ̀ àwọn aláìsàn. O wá ń béèrè bóyá o ti lè pè é ní àmì jẹjẹrẹ próstéètì. Má tíì pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ àpò wọ̀nyí níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ti rí i pé rírí ẹ́ńsáìmù kò ṣòro. Mímọ ẹni tó ni ín ni iṣẹ́.

Bẹ̀rẹ̀ láti inú omi tí o fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì. Sírọ́ọ̀mù ọmọ màlúù, ìyẹn omi tó ń ṣẹ́kù bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì, tí a ń dà sí i, ní àpò tirẹ̀, ó sì ní GGT tirẹ̀. Ní lábù wa, a mú omi tí sẹ́ẹ̀lì kankan kò dé inú rẹ̀ rí gba gbogbo ìgbésẹ̀ yìí kan náà, àwọ̀ yọ. Màlúù ló ni ìyẹn. Ṣe irú rẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, nínú àwo kan náà. Bí o bá yọ sírọ́ọ̀mù kúrò pátápátá kí o tó kó omi jọ, ka iye sẹ́ẹ̀lì tó kú, torí sẹ́ẹ̀lì tó bá bẹ́ a máa da ohun inú rẹ̀ sílẹ̀.

Ti ìtọ̀ ló le jù. Inú kíndìnrín kún fún GGT, àpò kíndìnrín sì pọ̀ nínú ìtọ̀ gbogbo èèyàn. Àwọn kan á ní kí o fi PSMA, purotéènì kan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì próstéètì, dẹ àpò próstéètì nìkan. PSMA náà wà nínú kíndìnrín! Gba ìtọ̀ àwọn obìnrin tí ara wọn le, kí o yẹ̀ ẹ́ wò bákan náà. Obìnrin ò ní próstéètì irú tiwa. Bí GGT tiwọn bá sún mọ́ ti àwọn aláìsàn rẹ, o ti rí ìdáhùn: a jẹ́ pé kì í ṣe próstéètì ló ni ín. Àwọn ará Gifu ní Jàpáànù, tí iṣẹ́ wọn lórí GGT yìí jáde ní 2017, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti kó àpò tiwọn. Wọ́n fi ẹni tó ní jẹjẹrẹ wé ẹni tí próstéètì rẹ̀ kàn wú lásán, GGT inú àpò àwọn tó ní jẹjẹrẹ ló ga. Irú ìfiwéra yẹn ni kí o ṣe. PSA pàápàá, èyí tí wọ́n ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ láti fura sí jẹjẹrẹ próstéètì, tí òun náà jẹ́ ẹ́ńsáìmù, ń ga bí próstéètì bá wú láìsí jẹjẹrẹ, ibẹ̀ gan-an ló ti ń já àwọn bàbá wa sí wàhálà.

Tún mọ ẹ̀gbẹ́ tí ẹ́ńsáìmù náà wà. GGT lẹ̀ mọ́ ìta awọ àpò, nítorí náà ó ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé o tú àpò. Ẹ́ńsáìmù tó bá wà nínú gbọ́dọ̀ fi agbára kún nígbà tí o bá fi Triton, irú ọṣẹ kan, tú awọ náà. Èyí tó kàn ń léfòó kiri, tó lẹ̀ mọ́ àpò lójú ọ̀nà, kọ́lọ́ọ̀mù tí ń ya ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré yóò tú àṣírí rẹ̀: àpò á kọ́kọ́ jáde, ẹ́ńsáìmù tó dá wà á tẹ̀lé e. Àní, ẹ́ńsáìmù ni Gunnar Ronquist àti Ingmar Brody ní Uppsala tọ̀ dé ìdí àpò inú àtọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970.

Ohun kan tó ń jẹ mí lọ́kàn: ara òyìnbó aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti mú PC-3, kì í sì í pèsè PSA. LNCaP, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ próstéètì mìíràn, ń pèsè PSA àti PSMA, ara òyìnbó ni òun náà ti wá. MDA PCa 2b, irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kan náà, ló ti ara ọkùnrin dúdú ará Amẹ́ríkà wá. Níbí, nínú ọkùnrin dúdú mẹ́rin, ọ̀kan ni àrùn yìí yóò mú láyé rẹ̀. Nínú gbogbo ọkùnrin, ọ̀kan nínú mẹ́jọ ni. Òun ló mú bàbá mi lọ. Bí ọ̀gá rẹ bá lè rí MDA PCa 2b rà, rọ̀ ọ́ kó rà á.

Omi òfìfo tí sẹ́ẹ̀lì kò dé inú rẹ̀ àti ìtọ̀ obìnrin ni kí o kọ́kọ́ ṣe, méjèèjì ò gbówó lórí. Pín ìtọ̀ sí ike kéékèèké kí o tó gbé e sínú fírísà −80, kí o má baà máa yọ́ odidi rẹ̀. Bí iná bá lọ títí tí ìkankan yọ́, kọ ọ́ sílẹ̀, má sì kà á mọ́ àwọn tí kò yọ́.