Kí ló dé tí iye òṣìṣẹ́ ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà tó wà nínú ìkànìyàn kì í bá ti ìwádìí mu?

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bi èèyàn léèrè ló yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí iye méjèèjì kì í fi í bára mu.

Ọdún márùn-ún márùn-ún ni ìkànìyàn ń wáyé. Ìbéèrè rẹ̀ lórí iṣẹ́ kò pọ̀, ẹnì kan sì lè kọ fọ́ọ̀mù fún gbogbo ará ilé. Nínú ìwádìí bíi NATSISS, ìyẹn ìwádìí ìjọba lórí ìgbésí ayé àwọn ọmọ onílẹ̀ (2002, 2008, 2014–15), òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló ń jókòó ti èèyàn, tó ń tú ọ̀rọ̀ wò: ṣé o ń wáṣẹ́? Tó o bá rí i, ṣé wàá lè bẹ̀rẹ̀?

CDEP ló da ọ̀rọ̀ rú jù. Ètò ìjọba yìí (Community Development Employment Projects) bẹ̀rẹ̀ ní 1977, ó sì ti parí báyìí. Ó máa ń fún àwọn ọmọ onílẹ̀, ìyẹn àwọn Aboriginal àti Torres Strait Islander, ní iṣẹ́ ìlú ṣe dípò owó ìrànwọ́ àìríṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n ka àwọn tó wà níbẹ̀ sí. Àmọ́ fọ́ọ̀mù ìkànìyàn tí wọ́n ń lò ní àwọn àdúgbò ọmọ onílẹ̀ tó jìnnà nìkan ló dárúkọ rẹ̀, nítorí náà iye àwọn ará CDEP tí ìwádìí rí máa ń pọ̀ ju ti ìkànìyàn lọ.

Tó bá jẹ́ irú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlú kékeré lò ń wá, ìkànìyàn ni kó o lò. Èèyàn inú ìwádìí kéré jù fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìkànìyàn kì í ká gbogbo èèyàn: ọmọ onílẹ̀ 812,728 ni wọ́n kà ní 2021, nígbà tí ABS, àjọ oníṣirò ìjọba Ọsirélíà, fojú bù ú sí nǹkan bí 984,000.