Boerboel ni àbí Alsatian? Bàbá Ìbejì ló ń bèèrè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Olè ti ń yọ wá lẹ́nu ládùúgbò wa ní Àkọ́bọ̀, n'Íbàdàn, mo wá fẹ́ ra ajá. Ìbejì wa ti pé ọdún mẹ́jọ, Ìdòwú ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́ta. Boerboel lọkàn mi ń fà sí, torí kólè kàn rí i lásán, á sá. Ìyá Ìbejì ní rárá o, Alsatian lòun fẹ́, pé ìyẹn ló gbọ́n. Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo máa ń wálé. Ẹ bá wa dá sí i.

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o, Ọlọ́run á wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi sí ìparí yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá ti lọ Èkó, ta ló máa di okùn ajá mú? Akọ Boerboel tó dàgbà tán lè lé ní kílò 70, ó ṣeé ṣe kó tiẹ̀ wúwo ju Ìyá Ìbejì lọ (ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o), tó bá wá rí ewúrẹ́ ní títì tó fẹ́ lé e, madam máa tẹ̀ lé e ni, tipátipá. Akọ Alsatian kì í sábà ju kílò 40 lọ, abo tún fúyẹ́ sí i.

Boerboel kì í ṣe ajá burúkú o. Àwọn àgbẹ̀ South Africa ló ń sìn ín kó máa ṣọ́ oko àti ilé, ó dẹ̀ máa ń fẹ́ràn ọmọ tí wọ́n jọ dàgbà gan-an. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òun fúnra ẹ̀ ló máa fẹ́ pinnu ẹni tó lè wọlé, bẹ́ẹ̀ ilé Yorùbá rèé, àbúrò ìyàwó á kàn ṣí géètì wọlé láì pe fóònù, àwọn ọ̀rẹ́ ìbejì á rọ́ dé ní Sátidé. Tẹ́ ò bá fi àlejò mọ̀ ọ́n láti kékeré, ẹ̀bẹ̀ lẹ máa máa bẹ̀ kiri àdúgbò. Tó bá tún ń bá Ìdòwú ṣeré, ìdí ẹ̀ lásán ló máa fi gbá a lulẹ̀, kò dẹ̀ ní mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan.

Alsatian náà ní tiẹ̀. Ajá adàgùntàn ni ní Jámánì kí ọ̀gá ológun kan níbẹ̀, Max von Stephanitz, tó sọ ọ́ di ìran kan pàtó ní 1899, dídà yẹn ṣì wà lára ẹ̀. Táwọn ìbejì bá ń sáré kiri kọ́ńpáàǹdì, á máa lé wọn, á fẹ́ fẹnu kan gìgísẹ̀ wọn, ẹ tètè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Irun ẹ̀ máa kún orí àga. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì yà á dáadáa lọ́sẹ̀, ẹ má fá a torí ooru o, ibòji àti omi ló ń fẹ́ lọ́sàn-án. Tẹ́ ẹ bá dẹ̀ tì í mọ́ kéèjì látàárọ̀ dalẹ́, á máa jẹ bàtà, á máa gbó lásán.

Ti Ìyá Ìbejì ni mò ń ṣe: abo Alsatian. Ẹ lọ wo ìyá ọmọ ajá náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo bó ṣe ń dìde lórí ìjókòó, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ bá ń gbọ̀n tàbí tó ń wọ́ ọ, ẹ yáa máa lọ, torí àìsàn oríkèé ìbàdí máa ń bá ìran wọn rìn. Ẹ má gba ọmọ tí ò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Káàdì abẹ́rẹ́ ńkọ́? Bébà kékeré tí wọ́n ṣí lára ìgò oògùn ló yẹ kẹ́ ẹ rí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú déètì àti òǹtẹ̀ dókítà ẹran, kì í ṣe pé ẹni tó ń tà á kàn fi báírò kọ ọ́ pé ó ti gbà á. Parvo, àrùn kan tí abẹ́rẹ́ yẹn ń dènà, ò ṣeé fi ṣeré, èébì àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni, kíá ló ń pa ọmọ ajá. Tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ gbà á lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ẹ máa tún un gbà lọ́dọọdún. Ẹ máa wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ àti inú etí lálaalẹ́, ibẹ̀ leégbọn máa ń sá pamọ́ sí.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ rà, Ìdòwú ò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ẹ̀, pàápàá tó bá ń jẹun. Ìyá Ìbejì ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ mú un wálé, kóun náà dẹ̀ máa fún un lóúnjẹ, torí òun ló máa bá a gbé.