Ẹ̀bìtì tí kò pa eku: kí ló kan omi níbẹ̀?

Àbúrò kan ní Ilé-Ifẹ̀ ló béèrè. Olùkọ́ kan ń ṣàlàyé ìyẹ̀fun tó ń bá oòrùn fọ omi mọ́, ló bá ní, "Ẹ̀bìtì tí kò pa eku, ó yẹ kó fẹ́yìn fẹ́lẹ́yìn." Kí ni ẹ̀bìtì bá omi dé?

Àbúrò mi, ẹ̀bìtì ni àgbẹ̀ fi ń pa eku kí pàkúté onírin tó dé. Òkúta pẹlẹbẹ tàbí ìtì igi ni wọ́n máa ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé dúró, wọ́n á fi ẹyìn tó pọ́n sábẹ́ rẹ̀. Eku bá fọwọ́ kan ẹyìn, òkúta á wó lé e. Bó bá wó tí eku sá lọ, olóko á gbé òkúta, á ṣa ẹyìn rẹ̀, nítorí epo wà níbẹ̀. Ẹni tó gbowó iṣẹ́ tí kò ṣe é là ń pa òwe náà fún: dá owó padà.

Ẹyìn tí olùkọ́ yẹn ń wá ni ìyẹ̀fun: bí omi bá ti mọ́, ó fẹ́ gbà á padà. Titanium dioxide ni, ìyẹ̀fun funfun inú ọ̀dà ilé. Bí ìtànṣán ultraviolet, èyí tó wà nínú oòrùn tí ojú ò rí, bá bà á nínú omi, aró àti kòkòrò àìfojúrí inú omi ò ní gbádùn. Àmọ́ hóró rẹ̀ lè má ju 20 nanometer lọ. 50,000 irú rẹ̀ ló máa tò kó tó pé mìlímítà kan. Asẹ́ wo ló fẹ́ mú un? Wọ́n wá ń fi kun dígí, àwo amọ̀, kódà ìlẹ̀kẹ̀ dígí (Ifẹ̀ ti ń ṣe ìyẹn ní Igbó Olókun kí òyìnbó tó dé), wọ́n á yan án níná kó lè di mọ́ ọn. Omi á kọjá, ìyẹ̀fun á dúró. Ṣùgbọ́n apá tó lẹ̀ mọ́ dígí ò fojú kan omi mọ́, iṣẹ́ á sì falẹ̀. Fujishima àti Honda, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Japan tí wọ́n kéde ní 1972 pé ìmọ́lẹ̀ lè bá titanium dioxide ya háídírójìn kúrò lára omi, ò tiẹ̀ lo ìyẹ̀fun rárá. Odindi kírísítà tí wọ́n so wáyà mọ́ ni.

Òwe náà ò ṣe rẹ́gí níbẹ̀, lójú tèmi. Ẹ̀bìtì tó kùnà ló ń bá wí. Níbí, omi ti mọ́, eku ti kú, a ṣì ń béèrè ẹyìn! Bí o bá pa òwe yìí fún ẹni tó ṣiṣẹ́ rẹ pé, èébú ni. Fi í pamọ́ de ẹni tó gbowó asẹ́ lọ́wọ́ rẹ, tí omi kànga rẹ ṣì ń rùn.