Ta ló ń wò ó bóyá sìgá ewé-tábà yóò fà dáadáa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Sìgá ewé-tábà tí wọ́n fi ọwọ́ wé ni mo máa ń mu. Nínú páálí kan náà, ọ̀kan á fà wẹ́rẹ́, èyí tó tẹ̀ lé e á dí débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa ro mí. Ṣé wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kúrò nílé iṣẹ́ ni?

Ìdáhùn: Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, àárín iṣẹ́ gan-an ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ewé ìbora, èyí tí wọ́n ń wé sóde kẹ́yìn, ló sábà máa ń wọ́n jù nínú oríṣi ewé mẹ́ta tó para pọ̀ di sìgá. Tí wọ́n bá ti wé e tán kí wọ́n tó mọ̀ pé inú dí, ewé yẹn ṣòfò nìyẹn.

Òṣìṣẹ́ á kó ewé inú jọ sọ́wọ́, á fi ewé ìdè dì í, á tò ó sínú mọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó oníhò tó ń fún un ní ìrísí sìgá. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 30 sí 45, wọ́n á yí i padà, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Ìdì tí kò tíì ní ìbora yìí ló ń lọ sídìí ẹ̀rọ. Wọ́n á ki orí rẹ̀ bọ ihò onírọ́bà, ẹ̀rọ á fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀, atọ́ka á sì sọ bí ìdì náà ṣe ń takò ó tó. Mìlímítà omi ni wọ́n fi ń kà á, ìyẹn bí agbára tó ń fa afẹ́fẹ́ náà ṣe lè gbé omi ga tó nínú ọ̀pá. Tí nọ́ńbà bá ga jù, ó dí. Tó bá kéré jù, inú rẹ̀ ṣófo: iná á sáré jẹ ẹ́, èéfín rẹ̀ á gbóná, á korò. Sìgá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn máa ń takò ju èyí tó sanra lọ, nítorí náà olúkúlùkù ló ní ààlà tirẹ̀.

Èyí tó bá kùnà, wọ́n á tú u. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà, torí títú ló ń kọ́ òṣìṣẹ́. Á fojú ara rẹ̀ rí ewé tó lọ́ mọ́ra lápá orí, igi àárín ewé tí kò yọ tán, tàbí ewé tó kàn tò léra pẹrẹsẹ bí ojú ìwé. Ẹni tó bá ká ewé kọ̀ọ̀kan bí ọ̀pá oníhò kékeré kó tó dì wọ́n pọ̀ ti la ọ̀nà fún èéfín. Ó ń gba àkókò, àmọ́ ẹ̀rọ kì í sábà dá irú rẹ̀ padà.

Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń wọn gbogbo ìdì. Àwọn mìíràn ń mú díẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tábà tún máa ń wú tó bá fa omi mu lẹ́yìn tó kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ẹ fi ìka tẹ èyí tó dí yẹn jẹ́jẹ́ láti orí dé ìdí. Tó bá rí bákan náà jálẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rinrin: ẹ fi í síbi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà ní nǹkan bí 65% fún ọjọ́ mélòó kan. Tí ìka yín bá kan ibì kan tó le bíi kókó, ọwọ́ ẹni tó dì í ló fà á, gbígbẹ kò ní tú u.